Ìwé Mẹ́jọ àti Bọ̀dá Yàrá Ẹ̀yìn

Mo ti kú lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ìwé kejì.

Aago kan òru ti kọjá. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ti dákẹ́, bátìrì laptop mi sì ti ń lọ sí ìdajì. Mo ki earphone bọ etí méjèèjì, mo pa iná fóònù mi, mo fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Ọ̀rẹ́ mi tó fi géèmù náà sórí fláàṣì fún mi ti sọ pé bí mi ò bá ṣe é báyìí, mi ò ní mọ adùn ẹ̀. Mo ní àsọdùn ni. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí jàre. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà mí nínú kọ̀ǹpútà?

Slender: The Eight Pages lorúkọ géèmù náà. Kì í ṣe tuntun. Oṣù kẹfà ọdún 2012 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Mark Hadley ló sì ṣe é. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn ẹ̀. Kò wúwo rárá, ìdí nìyẹn tí laptop tòkunbọ̀ tèmi, tí kò lè gbé géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo èèyàn ń gbá báyìí, fi lè gbé e. Bí o bá mọ̀ ọ́n ṣe, kò lè gbà ọ́ tó wákàtí kan. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n ṣe bíi tèmi, kíá ló máa rán ọ lọ sọ́run.

Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀. Òru ni. Ìwọ nìkan lo wà nínú igbó kan. Tọ́ọ̀ṣì kan ló wà lọ́wọ́ rẹ. Kò síbọn, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ẹni tí o lè pè. Iṣẹ́ rẹ ni kí o wá ìwé mẹ́jọ tí ẹnì kan ti lẹ̀ káàkiri. Lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹni náà ti fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n ya àwòrán tàbí kó kọ ìkìlọ̀ kúkúrú síbẹ̀. Àwọn ibi tí o ti máa wá wọn náà ò tó nǹkan: igi ràbàtà kan tó ti gbẹ, ihò gígùn kan tí èèyàn lè gba inú ẹ̀ kọjá, ọkọ̀ kan tí wọ́n pa tì, àwọn táńkì ńlá bíi ti epo, àti ilé kékeré kan tí wọ́n lẹ táìlì sí lára, tí ẹ̀rù ẹ̀ máa ń ba gbogbo ẹni tó bá ti ṣe géèmù yìí rí.

Bí o bá ti já ìwé àkọ́kọ́ báyìí, ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, gbì, gbì, gbì, bí ẹsẹ̀ ẹni tó wúwo. Láti ìgbà yẹn lọ, ọkùnrin kan ti ń tẹ̀ lé ọ. Ó ga, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú táì. Orí ẹ̀ funfun, kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. O ò ní rí i kó máa rìn. Bí o kò bá wò ó, á ti sún mọ́ ọ. Bí o bá wò ó, ojú kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í ho ṣàà bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kò rí ìkànnì mú. Bí o bá wò ó pẹ́, ó parí. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òun náà á máa yára sí i. Tọ́ọ̀ṣì náà ní bátìrì, bí o bá sì ń tàn án láìdáwọ́ dúró, ó máa kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì lò?

Ìgbà kẹrin ni mo tó dé ilé táìlì yẹn. Mo wọlé, mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, ògiri ni ṣáá. Mo rí ìwé. Mo já a. Mo yí padà pé kí n máa jáde, ó ti dúró síbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì mi bọ́ sí i lójú, kò sì sí ojú níbẹ̀. Funfun báláú.

Mo já earphone kúrò létí, mo pa laptop dé. Mo jókòó sínú òkùnkùn, ọkàn mi ń lù kìkì. Kì í ṣe pé mo rò pé géèmù fẹ́ pa mí. Ojú funfun yẹn, mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọdún 2012 tí géèmù yìí jáde, ọmọ ọdún 12 ni mí. Ilé face-me-I-face-you là ń gbé nígbà náà, kò jìnnà sí Boundary: yàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, àti yàrá kan tó dá wà lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Bí o bá dúró sí paṣéèjì wa láàárọ̀, wàá ti gbọ́ Yorùbá, Igbo, Urhobo, Ijaw àti Ìlàjẹ kí o tó fọ eyín tán. Pidgin la fi ń bá ara wa jà, òun náà la fi ń parí ìjà. Jungle ni wọ́n ń pe Ajégúnlẹ̀, Jungle City, àwa ọmọ ibẹ̀ la sì máa ń fi orúkọ yẹn yangàn jù. Ibẹ̀ ni Daddy Showkey ti jáde. Ibẹ̀ ni Samson Siasia ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá dàgbà nínú igbó, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi igbó ṣe fún un?

Ní nǹkan bí àárín ọdún yẹn, orúkọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri: One Million Boys. Àwọn ọ̀dọ́ ni. Wọ́n ní wọ́n máa ń tú jáde bí eṣú, tàdá tìgò, wọ́n á ja ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á ṣe èèyàn léṣe. Kì í ṣe àlọ́ o. Ìwé ìròyìn gbé e. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, mi ò rántí ẹnì kankan tó fojú ara ẹ̀ rí ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ la rí. Àti ìwé. Wọ́n ní wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri kan lọ́nà Mobil Road pé àwọn ń bọ̀ ní Friday. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní Ojo Road ni. Ẹni tó sọ ọ́ kò rí ìwé náà fúnra ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ló rí i. Bó o bá bi ẹ̀gbọ́n ọkọ, òun náà á ní àna òun ni.

Bàbá Onílé ra àgádágodo tuntun. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti ti géètì, kọ́kọ́rọ́ ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣọ́ òru. Wọ́n á sun táyà ní ìkóríta, wọ́n á máa fọn fèrè, iná tọ́ọ̀ṣì wọn á máa sáré lára ògiri yàrá wa. Bàbá mi wà lára wọn. Èmi àti Màámi á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìsọ̀rọ̀. Bí ológbò bá fò sórí páànù, ọkàn mi á fò pẹ̀lú ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Bọ̀dá Yàrá Ẹ̀yìn làwa ọmọdé ń pè é. Ó ga, ó gbẹ, kò sì ju oṣù mẹ́rin lọ tó dé. Kò gbọ́ Yorùbá, Pidgin ẹ̀ pàápàá kò dà bíi tiwa. Kì í bá àwọn ọkùnrin yòókù jókòó síwájú ilé sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọ̀sán ló máa ń sùn, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde. Bí mo bá kí i, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Small madam, how far?" Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ nìyẹn. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ nípa ẹ̀ náà nìyẹn.

Òru ọjọ́ kan, ìtọ̀ jí mi. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìdájí. Màámi sùn fọnfọn, mi ò fẹ́ jí i, nítorí oyún àbúrò mi wà nínú ẹ̀, kì í sì í tètè rí oorun sùn. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo gba ẹ̀yìn lọ. Bí mo ṣe fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni mo gbọ́ gbì lára fẹ́ǹsì. Mo yí tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn kan, ẹsẹ̀ kejì, báàgì dúdú kan. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé orí sókè, iná tọ́ọ̀ṣì bọ́ sí i lójú. Kò sójú níbẹ̀. Funfun báláú.

Mo ju tọ́ọ̀ṣì nù, mo sá.

Màámi dì mí mú, ó ń bi mí pé kí ni, kí ni. Mo ní One Million Boys ti wọlé. Ó ní, "Ta lo rí?" Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ gíga yẹn kí n tó dé yàrá. Mo ní, "Bọ̀dá Yàrá Ẹ̀yìn ni. Ó fo fẹ́ǹsì. Ó gbé báàgì."

Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tọ́rọ̀ náà fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alákàrà, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé ìdí àkàrà, ó ti dé gbogbo Boundary nìyẹn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, kì í ṣe báàgì ni mo rí mọ́, àdá ni. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, kì í ṣe òun nìkan ló fo fẹ́ǹsì, wọ́n jẹ́ mẹ́fà.

Ojú oorun ni wọ́n bá a. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí. Ọwọ́ pọ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀; mi ò rí i kó lù ú, mi ò sì rí i kó dá wọn dúró. Ọkùnrin náà ń pariwo pé fúláwà lòun máa ń já lóru ní Apapa, pé wọ́n ti máa ń ti géètì kóun tó dé, pé òun kò fẹ́ jí Bàbá Onílé lójú oorun. Ẹnì kan tú báàgì ẹ̀ dà sílẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ló wà nínú ẹ̀, fúláwà ti gan mọ́ ọn lára, àti abọ́ oúnjẹ òfìfo kan pẹ̀lú ṣíbí. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Kò parí síbẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́wọ́ sókè kì í fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lásán. Bàbá àgbàlagbà kan láti ilé kejì ló wá bọ́ sáàárín wọn, tó ń kígbe pé kí wọ́n wo aṣọ náà, kí wọ́n wò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa fi í sílẹ̀, ojú ẹ̀ ti wú débi pé èmi tí mo mọ̀ ọ́n kò lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù ẹ̀ wà ní balùwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sẹ́ni tó lò ó, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí. Ìyá Alákàrà tiẹ̀ fún mi ní àkàrà méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ojú mi mú.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí á ti géètì. Géètì tí a tì ló jẹ́ kó máa fo fẹ́ǹsì. Fẹ́ǹsì tó ń fò ló sọ ọ́ di ohun tí a ń bẹ̀rù. Àwa la fi ọwọ́ ara wa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì wá ní a mú olè.

Lẹ́yìn òru géèmù yẹn, mi ò rí oorun sùn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọkùnrin aláìlójú yìí lórí fóònù mi. Mo ti rò pé ìtàn àtayébáyé àwọn òyìnbó ni, bíi tiwa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Oṣù kẹfà ọdún 2009 ni wọ́n bí i. Àwọn kan ń díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló lè fi kọ̀ǹpútà ṣe fọ́tò iwin tó máa dà bí òótọ́. Eric Knudsen mú fọ́tò méjì tí àwọn ọmọdé wà nínú ẹ̀, ó fi ọkùnrin gíga kan sẹ́yìn wọn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ó tán. Àwọn yòókù ló ń fi kún un: ẹni yìí kọ ìtàn, ẹni yẹn ṣe fídíò, Hadley ṣe géèmù. Nítorí pé kò lójú, ojú tó bá wu oníkálukú ló lè fi sí i.

Mo tún ka èyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2014, ní Waukesha, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin méjì mú ọ̀rẹ́ wọn wọ inú igbó, wọ́n sì gún un lọ́bẹ nígbà 19. Wọ́n ní nítorí Slender Man ni. Ọmọ náà wọ́ jáde dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì yè é. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ọdún 12 ni wọ́n.

Ọmọ ọdún 12. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mi ò sọ pé géèmù ló burú o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti ṣe é, tí wọ́n pariwo, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n lọ sùn. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa náà ní irú ẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn igbó tí mo kà nílé ìwé ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Nínú igbó tiẹ̀, Àkàrà-Ògùn bá Àgbákò pàdé, Àgbákò sì ní ojú mẹ́rìndínlógún. O lè kà wọ́n. Ó lórúkọ, ó ní ara, o lè bá a wọ̀yá ìjà. Irú ẹ̀rù yẹn, èèyàn lè gbé ìbọn sí i. Èyí tí kò lójú ló ṣòro, nítorí bí o kò bá rí i, o máa wá ojú ẹlòmíràn fún un. Ojú àlejò ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́: ẹni tí kò gbọ́ èdè, ẹni tí kì í jókòó síwájú ilé, ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án.

Òfin géèmù yẹn ni pé má wò ó. Bí o bá wò ó pẹ́, o kú. Fún géèmù, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ilé wa lọ́dún 2012, àìwò ló bà á jẹ́. Ká ní mo jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì yẹn dúró lójú ẹ̀ díẹ̀ sí i, kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta, ǹ bá ti rí ojú lábẹ́ fúláwà yẹn. Ǹ bá ti rí ọkùnrin kan tó rẹ̀, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bóyá ǹ bá tiẹ̀ ti gbọ́ "Small madam."

Òru kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó kó ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ò sọ fún mi ni pé bí o bá kó gbogbo ẹ̀ pé náà, ó ṣì máa mú ọ. Kò sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Lẹ́yìn tó bá mú ọ tán ni géèmù á ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọ láàyè láti wọ igbó kan náà lójú ọ̀sán. Mo wọ̀ ọ́. Igi lásán ni. Táńkì lásán ni. Ilé táìlì yẹn kò ju yàrá kéékèèké mélòó kan lọ. Ó yà mí lẹ́nu bí ibẹ̀ ṣe kéré tó.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pe Màámi.

"Màámi, ẹ rántí bọ̀dá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nígbà yẹn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èwo? Èyí tó ń fo fẹ́ǹsì?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí lorúkọ ẹ̀, mà?"

Ó tún dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Kò sẹ́ni tó bi í." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó máa ń bá mi gbé omi wọlé nígbà tí mo lóyún àbúrò ẹ. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́, á kàn gbà á lórí mi. Kí ló dé?"

"Kò sí, mà. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó gbé ilé yẹn rí tí mo ní nọ́ńbà ẹ̀ ni mo ti bi. Wọ́n rántí báàgì. Wọ́n rántí fẹ́ǹsì. Ẹnì kan ṣì ń bá mi jiyàn pé àdá wà níbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ orúkọ ẹ̀.